Súpíríǹgì Ọwọ́ Òsì

Kì í ṣe pé Àbdùlgàfárù kò fẹ́ràn àbúrò rẹ̀. Òun ló kọ́ ọ bí a ṣe ń di ẹ̀mú mú nígbà tí bàbá wọn kú, òun ló sì bá a fẹ́ ìyàwó. Ohun tó ń bí i nínú ni pé bí àwọn àgbẹ̀ bá gbé ọkọ́ wá sí àgbẹ̀dẹ wọn ní Pàkàtà, wọn á kí i tán, wọn á wá na ọrùn wo ẹ̀yìn rẹ̀: "Mùsílíù ńkọ́?" Ọdún méje ló ti ń gbọ́ ìbéèrè yìí, kò sì tíì mọ́ ọn lára.

Nígbà náà, mọ́tò kò ju mẹ́ta lọ ní gbogbo Ìlọrin. Ìlú Ọba ni wọ́n ti gbé èyí tí ajẹ́lẹ̀ ń gùn wá. Ó já sí kòtò lọ́nà Malete, súpíríǹgì méjèèjì tó gbé iwájú rẹ̀ dúró sì ṣẹ́. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n tò léra wọn, tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Danjuma, dírẹ́bà ajẹ́lẹ̀, kó àfọ́kù wọn wá, ó tò wọ́n sórí pákó, ó fi ẹfun fa ilà sí ibi tí wọ́n tẹ̀ dé. Ó ní kí Àbdùlgàfárù rọ ti ọwọ́ òsì, kí Mùsílíù rọ ti ọ̀tún, pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n rọ jù ni gbogbo mọ́tò ìjọba yóò máa wá bá.

Ká wá pín iṣẹ́ lọ́gbọọgba fún ọ̀gá àti ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ká Àbdùlgàfárù lára. Lọ́jọ́ kẹrin, Danjuma yọjú, ó wo iṣẹ́ Mùsílíù, ó ní, "Wallahi, iṣẹ́ rẹ dára." Kò wo ti ẹ̀gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ Àbdùlgàfárù ti gbé tirẹ̀ lé pákó, ó sì bá ilà mu rẹ́gí. Ibi tó yẹ kó fi mọ nìyẹn, ṣùgbọ́n ìlara kò gbà. Ó dá irin padà sínú iná, ó tẹ̀ ẹ́ kọjá ilà ní ìka méjì, kí apá ọ̀dọ̀ tirẹ̀ lè ga ju ti Mùsílíù lọ, kí gbogbo ayé rí i.

Ayé rí i lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n de súpíríǹgì méjèèjì mọ́ abẹ́ mọ́tò tán, tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, mọ́tò ajẹ́lẹ̀ gbé èjìká òsì sókè bí ẹni tó ń tiro. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Danjuma kò rẹ́rìn-ín.

"Ta ló ṣì í nínú yín?"

Mùsílíù wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wolẹ̀. "Ẹ má bínú. Tèmi ló kúrú. Ti ẹ̀gbọ́n mi ló péye."

"Ó dáa," ni Danjuma wí. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́ náà."

Iṣẹ́ bọ́ sí Àbdùlgàfárù lọ́wọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n Láwàl, àgbẹ̀ tó ti ń jókòó sí àgbẹ̀dẹ látọjọ́ kìíní, tó sì rí ohun gbogbo, mi orí. "Ọmọlúàbí ni Mùsílíù," ló wí jẹ́jẹ́. Àbdùlgàfárù gbọ́.

"Irọ́ ni Mùsílíù ń pa," ló wí. "Ẹ gbé pákó wá. Tèmi ló kọjá ilà, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

Kì í ṣe pé òtítọ́ wù ú sọ. Kò kàn lè fara dà á kí iṣẹ́ jẹ́ tirẹ̀, kí ìwà rere sì tún jẹ́ ti Mùsílíù.

Danjuma wọ̀n ọ́n, ó sì gbé iṣẹ́ fún Mùsílíù. Mùsílíù dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun." Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ló dun Àbdùlgàfárù jù.