Àyè Gbalasa Òdò-Ọsàn

Ìka Alhaja Shakirat ti wà lórí àwòrán ilẹ̀ Òdò-Ọsàn kí Ambrose tó kọ orúkọ rẹ̀ tán.

“Ilé mi nìyí,” ni Alhaja wí. Ó sún ìka náà síwájú díẹ̀. “Àyè gbalasa mi nìyí.”

Ambrose wo ibẹ̀. Oko ẹ̀gẹ́ Mabel ni. Ó fi pẹ́ńsù àwọ̀ ewé kùn ún. Wọ́n ti kun ibẹ̀ títí ó fi ń dúdú. Alhaja ni ẹni kẹtàlélógún tó tọ́ka sí oko yẹn.

Pálọ̀ Kọ́lápọ̀, tó ń ta táyà ní Ìjọra, ni ẹgbẹ́ ọmọ Òdò-Ọsàn ti ń ṣèpàdé ní Sùúrùlérè. Kọ́lápọ̀ ni alága, Ambrose ni akọ̀wé. Sọ́ńdè àkọ́kọ́ oṣù ni wọ́n ń pàdé, lẹ́yìn tí ṣọ́ọ̀ṣì bá tú, tí Alhaja náà bá ti kírun ọ̀sán. Òdò-Ọsàn kò tóbi. Ẹ̀bá Iléṣà ló wà. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ń gbé ibẹ̀. Ìyẹn ni ọkàn wọn ṣe balẹ̀ láti máa ṣòfin fún un.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n ti ṣe òfin ilé kíkọ́. Fèrèsé pálọ̀ Kọ́lápọ̀ kò ṣeé ṣí. Ilé kan fara tì í lọ́tùn-ún, òmíràn lósì, jẹnẹrétọ̀ ilé kẹta sì ń tu èéfín sí i láti ẹ̀yìn. “Kí ilé wa má dà báyìí o,” ni wọ́n ń wí, wọ́n sì ń wúkọ́. Ambrose ló kọ òfin náà sílẹ̀, nítorí ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe akọ̀wé lọ́dọ̀ àwọn tó ń wọn ilẹ̀. Ó kọ ọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé ní Òdò-Ọsàn gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ilẹ̀ kan nítòsí tí ẹnikẹ́ni kò ní kọ́lé sí mọ́ láéláé, kí atẹ́gùn lè ráyè fẹ́. Àyè gbalasa ni wọ́n pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kò kọ ọ́ pé ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni tó tọ́ka. Ó mọ̀ pé òun fò ó. Òun náà ló kọ́kọ́ tọ́ka sí oko Mabel. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré kan ló wà lọ́kàn rẹ̀, kó lè jókòó lókè ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i. Ó rò pé ti ẹnì kan ṣoṣo kò lè pa oko lára.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Mabel fúnra rẹ̀ ló wọlé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Ambrose ni, ó sì fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ. Òdò-Ọsàn ló ti wọkọ̀ wá. Ibùdókọ̀ Costain ló ti bọ́ọ́lẹ̀, ó fẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Wọ́n fún un ní omi. Ó mu ún tán kó tó sọ̀rọ̀.

“Ògiri ilé mi wó nínú òjò. Ilé ìdáná Christianah, aládùúgbò mi, ni mò ń sùn. Yàrá méjì ni mo fẹ́ kọ́ sí oko mi. Baálẹ̀ ní àfi kí ẹ̀yin ará Èkó fọwọ́ sí i.”

Kọ́lápọ̀ yí ara padà lórí àga. “Màmá, àyè gbalasa ni ibẹ̀.”

“Ti ta ni?”

“Ti ìlú.”

“Mo rò pé tèmi ni.”

“Tiyín ni, Màmá. Ẹ máa ro ó lọ. Ẹ ò kàn lè kọ́lé sí i ni.”

Ethel, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Yábàá, rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ̀yin lẹ̀ ń fún gbogbo wa ní atẹ́gùn, mà.”

“Ṣé ó ń dé ọ̀dọ̀ yín níbí?” ni Mabel bi í.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó yára sọ ọ́ di ikọ́.

Mabel tẹ̀ síwájú, ó wo àwòrán náà. “Kí ni àwọn àmì pupa yìí?”

“Ilé wa ni, Ẹ̀gbọ́n,” ni Ambrose dáhùn.

Mabel kà wọ́n. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó kà wọ́n tán. “Mẹ́tàlélógún. Ojoojúmọ́ ni mò ń gba ibẹ̀ kọjá, mi ò sì tíì rí ẹyọ kan.”

“A ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni.”

“Sìmẹ́ńtì ti wọ́n, Màmá,” ni Kọ́lápọ̀ wí. “Ṣùgbọ́n èmi ti kó yanrìn síbẹ̀.”

“Mo mọ yanrìn yẹn. Ewúrẹ́ Christianah ti bímọ lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.”

Kọ́lápọ̀ ní kí ẹni tó bá fẹ́ yọ̀ǹda àyè gbalasa rẹ̀ nawọ́ sókè. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ẹni tó bá yọ̀ǹda yóò ní láti wá ilẹ̀ mìíràn, bóyá nínú tirẹ̀. Ọwọ́ Ambrose wà lórí orúnkún rẹ̀. Ó ń rántí ọjọ́ tó ń lọ sí ilé ìwé ní Iléṣà. Mabel ló ru àpótí rẹ̀, orí òfo ni òun fi ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Ó ṣí báírò rẹ̀.

“Pulọ́ọ̀tì mi fara kan oko yín, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ kọ́lé yín síbẹ̀.”

Kọ́lápọ̀ gbé ìka sókè. “Àyè gbalasa ilé náà ńkọ́? Òfin ni òfin.”

“Ẹ tọ́ka, Ẹ̀gbọ́n.”

Mabel gbé ìka lé oko ara rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rí àléébù kankan níbẹ̀. Ambrose fagi lé orúkọ ara rẹ̀, ó kọ ti Mabel sí i. Ó fi pẹ́ńsù kun oko náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìwé ya níbẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́, Ethel sì ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé òfin náà ń ṣiṣẹ́.

Ambrose sin Mabel dé ẹnu ọ̀nà.

“Ìwọ ńkọ́?” ni Mabel wí. “Níbo lo máa ti gba atẹ́gùn?”

“Mo ní fèrèsé kan.”

“Ṣé ó ń ṣí?”

“Díẹ̀.”

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Ilé mẹ́tàlélógún ló wà lórí àwòrán Òdò-Ọsàn. Ẹyọ kan ló wà lórí ilẹ̀: yàrá méjì, páànù pupa, ilẹ̀kùn tó kọjú sí oko ẹ̀gẹ́.