Iyọ̀ Ń Dúró De Ẹ̀gbọ́n

Lallan da ẹran òbúkọ sínú òróró gbígbóná, òróró náà sì pariwo bí òjò orí páànù. Gbogbo ológbò tó wà nílùú Bareilly ló dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò ṣàsọdùn. Àwọn ti ìlú Lucknow lọ́hùn-ún pàápàá nara sókè.

Ẹ má jẹ́ ká tíì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọwọ́ Lallan nídìí ọbẹ̀ ẹran. Òkú tó bá gbóòórùn ẹ̀ á dìde jókòó, á sì béèrè rótì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tá a fi ń jẹ ọbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Sunday ló máa ń gbé ìkòkò idẹ bàbá wọn karí ààrò èédú nínú àgbàlá, torí Màmá wọn, opó tí kì í fẹnu kan ẹran, ò ní gbà kí eegun wọ ilé ìdáná òun. Ti ọjọ́ yìí tún wá yàtọ̀. Ọ̀la ni oṣù Sáwàn ń wọlé, oṣù òjò tí gbogbo ilé máa ń pa ẹran tì. Èrò tó wà níwájú alápatà láàárọ̀ gùn títí dé orí òkè tí yìnyín wà.

Àmọ́ kì í ṣe torí ọ̀fun ni Lallan ṣe ń dáná. Torí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni, Mahendra, tó ń gbé òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú Kusum ìyàwó ẹ̀.

Nílé wọn, ọkùnrin tó dàgbà jù ló ń tọ́ iyọ̀ wò. Bàbá wọn ló ń ṣe é. Nígbà tó kú, ó kan Mahendra. Mahendra ò mọ omi gbígbóná sè o. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní bu ọbẹ̀ àfi tó bá sọ̀ kalẹ̀, tó ṣí ìdérí, tó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, tó lá a, tó wá ní, "Ó kù díẹ̀." Lallan á fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n á sì jẹun.

Ìgbà tí àwọn àna Mahendra wá kí wọn ni nǹkan bàjẹ́. Wọ́n yin ọbẹ̀ náà títí orí Lallan fi wú ju ìkòkò lọ. Ọ̀kan nínú wọn wá bi í pé kí gan-an ni iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nídìí ọbẹ̀ yìí. Lallan ní, "Ìdérí ni wọ́n ń bá wa ṣí. Ológbò náà mọ̀ ọ́n ṣí." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mahendra náà rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló burú jù níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò bá Lallan sọ̀rọ̀ mọ́, Kusum sì ń sọ fáwọn aládùúgbò pé àwọn máa dá ààrò tàwọn ní òkè. Lọ́dọ̀ wa, ẹ lè pín ilẹ̀, ẹ lè pín wúrà, ẹ ṣì jẹ́ ilé kan. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá pín ààrò lẹ ti di méjì. Ohun tí Lallan wá gbọ́kàn lé ni pé tí Mahendra bá lè sọ̀ kalẹ̀ lónìí, kó fi ahọ́n kan iyọ̀, Sáwàn á bá wọn nídìí ààrò kan. Ahọ́n àti eyín ń jà lójoojúmọ́, ṣé èwo nínú wọn ló kó kúrò lẹ́nu?

Ó rán Manju ìyàwó ẹ̀ lọ sókè. Manju lọ, ó bọ̀.

"Àǹtí Kusum ní àwọn ti gbọ́."

"Ṣé wọ́n ń bọ̀?"

"Bàbá Guddi, wọ́n ní àwọn ti gbọ́."

Ó ń ro ẹran náà lọ. Ó da aáyù àti ata lílọ̀ sí i, ó da wàrà kíkan lé e, ó ń rò ó mọ́lẹ̀ títí epo fi yọ pupa létí ìkòkò. Ó bu omi sí i, ó dé e. Òógùn tó jáde lára ẹ̀ lè kún kànga. Nígbà tó yá, ẹran náà rọ̀ débi pé téèyàn bá wò ó tìkà-tẹ̀gbin, á já kúrò lára eegun. Mahendra ò yọjú. Lallan tún bu omi sí i.

Màmá wọn tó ń ṣa òkúta lára ìrẹsì gbójú sókè. "Lallan, ẹran yẹn ti jinná."

"Mo mọ̀, Màmá. Bùrọ̀dá ló kù."

"Ẹran ò mọ Bùrọ̀dá."

Ibi tó ti fẹ́ dáhùn ló ti gbóòórùn wàrà tó ń jóná láti òkè. Inú ẹ̀ tiẹ̀ dùn. Ó rò pé Kusum ti gbàgbé wàrà sórí iná torí pé wọ́n ń múra àtisọ̀ kalẹ̀. Ó pariwo pé, "Àǹtí Kusum, wàrà yín ń hó dànù o." Kò séèyàn tó dá a lóhùn. Ni Lallan bá gbéra, ó fò lórí àtẹ̀gùn bí ọ̀bọ tí wọ́n jí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀, ó já wọlé, ó sì fi ọwọ́ lásán gbé ìkòkò wàrà kúrò lórí iná.

Ìgbà náà ló tó ríran. Ààrò gáàsì tuntun ni. Wọ́n ti fi ìyẹ̀fun pupa sàmì sí i, òdòdó wà lórí ẹ̀. Mahendra wọ aṣọ funfun, Kusum fi ìborùn bo orí, àwọn méjèèjì pàtẹ́wọ́ pọ̀ bí ẹni ń gbàdúrà. Ọmọ tí wọ́n bí nílẹ̀ wa lánàá mọ̀ pé tí wọ́n bá ń ṣí ààrò tuntun, wàrà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbé ka iná, wọ́n á sì jẹ́ kó hó dànù, kí oúnjẹ lè máa kún àkúnwọ́sílẹ̀ nínú ilé náà. Lallan ló gbé e sọ̀ yẹn.

Ìkòkò ń jó o lọ́wọ́.

"Gbé e padà," Mahendra ní. "Jẹ́ kó dànù."

Ó gbé e padà. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi gbé e ka ààrò ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Wàrà náà tún ru sókè, ó ṣàn sílẹ̀, ó kán sórí ẹsẹ̀ ẹ̀, kò yẹ̀ ẹ́.

"Bùrọ̀dá, iyọ̀ ń dúró dè yín."

Mahendra ò tiẹ̀ gbóhùn sókè. "Pe ológbò."

Ẹsẹ̀ tó fi fò gòkè, ó fi wọ́lẹ̀ bọ̀ ni. Màmá wọn yẹ àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ wò, ó wo òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ó gbọn ìrẹsì nù lára aṣọ ẹ̀.

"Ìwọ ni àgbà ìsàlẹ̀ báyìí," ó ní. "Tọ́ ọ wò. Ebi ń pa àwọn tó ń dúró."

Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara ẹ̀. Lallan ṣí ìdérí, ó bu díẹ̀ sórí ọwọ́ tó jó náà, ó lá a. Iyọ̀ ò tó. Ó mọ̀ pé kò ní tó. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú ló ti máa ń dín iyọ̀ náà kù mọ̀ọ́mọ̀, kí Mahendra lè rí nǹkan sọ. Kò sọ fún Manju pàápàá. Àánú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló rò pé òun ń ṣe.

Kò fi kún un. Ó bu ọbẹ̀ fún ìyàwó àti Guddi ọmọ ẹ̀ bó ṣe wà. Manju fa mùdùnmúdùn inú eegun títí ó fi dún, ó ní Ọlọ́run ń bẹ, òun ò tíì jẹ irú eléyìí rí. Guddi lá àwo.

"Ṣé kò kù síbì kan?" Lallan bi wọ́n.

"Kí ló máa kù?" Manju ní. "Ó pé pérépéré."

Ó tún bi Guddi. Guddi na àwo sí i pé kó bu sí i.

Lallan gbé òkèlè rótì lọ́wọ́, ó dá a padà sínú àwo. Ọdún Holi kan ló wá sí i lọ́kàn, ọjọ́ tó gbàgbé dín iyọ̀ kù, tó fi iyọ̀ tó pé sí i. Mahendra lá a, ó wò ó lójú, ó ní, "Lónìí, ó tó." Nígbà yẹn, Lallan rò pé ẹ̀gbọ́n òun kàn ṣèèṣì sọ ọ́ ni.