Fóònù Ìyá Agbẹ̀bí

"Ẹ̀ẹ̀mejìlá ni mo pè yín, Mà! Ẹ̀ẹ̀mejìlá!" Káfíńtà ń mí gúlegúle lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ìyàwó mi ti ń rọbí!"

Ìyá Agbẹ̀bí wo fóònù rẹ̀ lórí tábìlì. Háà, kò dún rárá! Ó gbé báàgì iṣẹ́ rẹ̀, ó sáré tẹ̀lé e.

Orí ló yọ wọ́n. Okùn ìwọ́ ti lọ́ mọ́ ọmọ náà lọ́rùn nígbà tí wọ́n débẹ̀. Ọwọ́ tó ti gbẹ̀bí fún ọgbọ̀n ọdún ló yára tú u. Ọmọ ké, bàbá rẹ̀ náà bú sẹ́kún.

Nígbà tí Ìyá Agbẹ̀bí padà délé, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ti dé láti ibi iṣẹ́.

"Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà, kí lo ṣe sí fóònù mi?"

"Mo tì í ni, Màámi. Nọ́ńbà tí ẹ ò bá fi orúkọ pamọ́, kò ní dún. Ẹ ti gbàgbé oníjìbìtì ọjọ́sí? Díẹ̀ ló kù kí ẹ ka nọ́ńbà àṣírí báńkì yín fún un!"

"Mi ò gbàgbé. Ìwọ lo gbàgbé iṣẹ́ mi. Fóònù ará àdúgbò ni àwọn aboyún sábà fi ń pè mí. Àbí kí ọmọ inú kọ́kọ́ wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ kó tó wáyé?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi bí ìyá rẹ̀ ṣe sọ fún un pé okùn ìwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ Káfíńtà lónìí. Ló bá dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ dákun, Màámi. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́ yín jẹ ni."

"Mo mọ̀, ọkọ mi. Dìde. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí o fẹ́ràn mi tó, ṣé wàá ti ilẹ̀kùn ilé mi kí o mú kọ́kọ́rọ́ lọ? Ṣí i."

Ó ṣí i. "Ẹ sọ nọ́ńbà àṣírí tuntun tí ẹ ó máa fi ti fóònù yín, kí n bá yín tẹ̀ ẹ́."

"Gbé e wá. Kọjú sí ògiri."

"Màámi! Èmi náà?"

"Ta ló ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni?"

Ó kọjú sí ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tó fi dún. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ rí ni.

"Ẹ ǹlẹ́ o," ó ní. "Ṣé ẹnì kan ń rọbí ni, àbí ẹ fẹ́ rẹ́ mi jẹ? Ẹ tètè sọ, báàgì mi ti wà lọ́wọ́."