Ilẹ̀kùn Inú Ọkàn Muhsinah

Ẹ̀rín ni Muhsinah ń rín lọ́wọ́ nígbà tó kú. Òun àti Mùsílímátù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sídìí ẹ̀gẹ́ nílé bàbá wọn ní Akínyẹlé, wọ́n ń bẹ ẹ́ fún gàrí. Muhsinah ń sín ọkùnrin kan tó ń polówó oògùn eku ní Moniya jẹ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ já lẹ́nu rẹ̀, tó ṣubú lu èèpo ẹ̀gẹ́. Mùsílímátù kọ́kọ́ rò pé ẹ̀fẹ̀ náà ni kò tíì parí.

Kó tó di ọjọ́ yẹn, Muhsinah ti máa ń fọwọ́ lé àyà pé ọkàn òun ń fò. Ó ti dákú rí nídìí kànga. Wọ́n ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù, kó lọ sinmi.

Bí ọ̀dọ́ bá kú báyẹn, àwọn èèyàn kì í ṣàìwá ẹni tí wọn yóò di ikú náà rù. Bàbá dì í ru Mùjíbátù, ìyálé Muhsinah ní Olódò. Wọ́n ní ilé Sàníù, ọkọ Muhsinah, kì í ṣe ilé àna àwọn mọ́. Mùsílímátù kò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò já Bàbá ní koro? Àbúrò rẹ̀ ti lọ. Zubaidah, ọmọ kan ṣoṣo tí àbúrò rẹ̀ fi sílẹ̀, sì wà lọ́dọ̀ Sàníù, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé.

Àárò ọmọ náà kò jẹ́ kó gbádùn. Bó bá gbé gàrí dé Ìwó Róòdù, tó gbọ́ tí wọ́n ń pe èrò Olódò, ara rẹ̀ á fà síbẹ̀. Ó rí súwẹ́tà ọmọdé kan lọ́jà, ó rà á, ó tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí. Nígbà tó yá, ó rò ó pé ọmọ náà yóò ti ju súwẹ́tà yẹn lọ, ó mú un, ó fi fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ọdún kẹfà lẹ́yìn ikú Muhsinah ni ọkàn Mùsílímátù náà bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Nọ́ọ̀sì kan gbọ́ ìró tí kò yé e láyà rẹ̀, ló bá ní kó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá n'Ìbàdàn. Wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọkàn rẹ̀. Dókítà Olúfúnmi ṣàlàyé fún un pé ilẹ̀kùn kan wà nínú ọkàn, tó ń ṣí kí ẹ̀jẹ̀ kọjá, tó sì ń padé kó má baà padà. Tirẹ̀ ti dẹ̀. Bó bá padé, ńṣe ló ń tẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní ọ̀pọ̀ ẹni tó ní irú rẹ̀ ló ń darúgbó láìmọ̀ rárá. Àwọn díẹ̀ péré ni ọkàn wọn lè ṣàdédé máa sáré ségesège, kó sì dúró. Ó wá bi í bóyá ẹnìkan nínú ẹbí wọn ti kú lójijì rí.

Mùsílímátù sọ ti Muhsinah, omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

“Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé àìsàn yìí ló pa wọ́n, Màmá, torí ẹnikẹ́ni ò yẹ ọkàn wọn wò,” ni dókítà wí. “Àmọ́ ó jọ ọ́. Ṣé wọ́n bímọ?”

“Ó bí ọ̀kan.”

“Ẹ mú un wá.”

Nígbà tó ròyìn fún Bàbá, wọ́n ní kó máa lọ sí Olódò. Wọ́n ní kó bá àwọn kí ìyálé náà.

Mùjíbátù nìkan ló bá nílé ní Olódò. Ìyẹn fún un ní àga, ó gbómi fún un, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dópin. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

“Ọmọ náà máa ń fọwọ́ lé àyà. Mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á tún ní èmi ni.”

Mùsílímátù di ọwọ́ obìnrin náà mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Zubaidah ti ilé ìwé dé. Ìdúró rẹ̀, Muhsinah gẹ́lẹ́ ni. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàsán mà,” bí ẹni tó ń kí àlejò.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ lọ sí ilé ìwòsàn n'Ìbàdàn. Ilẹ̀kùn ọkàn ọmọ náà dẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n lẹ ẹ̀rọ kékeré mọ́ ọn láyà láti ṣọ́ bó ṣe ń lù, wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kó ṣì fi eré sísá sílẹ̀ ná. Bó bá dákú, kí wọ́n má ṣe fi falẹ̀. Dókítà kò búra fún wọn pé ewu ti tán, ṣùgbọ́n ó ní àwọn yóò máa ṣọ́ ọ.

Nínú ọkọ̀, Zubaidah béèrè bóyá òun lè wá lo ọlidé ní Akínyẹlé. Mùjíbátù ní bí Iléyá bá ti kọjá, òun fúnra òun ni yóò mú un wá.

Wọ́n pínyà ní Ìwó Róòdù. Mùsílímátù dúró títí ọkọ̀ Olódò fi lọ tán, ló bá yọ fóònù rẹ̀. Ó ń wá ẹni tí yóò sọ fún pé ọmọ náà ti ga tó ìyá rẹ̀. Ẹni tó sì wù ú láti pe, Muhsinah ni.