Ìpè Tó Ń Dún Lórí Ìjókòó Ọkọ̀

Fóònù tún ń dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ta ni ì bá tún jẹ́? Òun nìkan ló wà ní kóòtù. Adájọ́ ti jókòó nìyẹn... àbí ó ti dájọ́ tán? Táyà tó jò ló dá mi dúró. Táyà! Lónìí tí mo fẹ́ wo ojú ọkùnrin yẹn bí wọ́n bá ń ka ẹ̀wọ̀n fún un.

Má dá a lóhùn. Gbájú mọ́ ọ̀nà.

Tíṣà ni ọkùnrin yẹn. Ó fi fóònù sétí, ó sì fọkọ̀ gbá àbúrò mi lójú títì, ní ọ̀sán gangan. Àbúrò mi tó jẹ́ télọ̀, Ẹlẹ́rìn-ín ni gbogbo àdúgbò ń pè é... ó kàn sọdá lọ ra òwú ni. Òwú yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kí n wá wo òkú náà bóyá òun ni.

“Ìyàwó mi ló ń pè mí, olúwa mi. Ó ń rọbí.” Ohun tó sọ fún adájọ́ nìyẹn, ó tẹríba bí ẹni rere. Ta ni wọn kì í pè? Òfin ní ẹni tó ń wakọ̀ ò gbọdọ̀ gbé fóònù. Òfin ò sọ pé àfi bí ìyàwó bá ń rọbí. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Kó pẹ́ lẹ́wọ̀n títí ọmọ ọ̀hún ò fi ní dá a mọ̀.

Lánàá, ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé, “Kí lo fẹ́ fi ẹ̀wọ̀n ẹ̀ ṣe?”

Mo ní, “Màá fi rí oorun sùn.”

Fóònù ti dákẹ́... Ó tún bẹ̀rẹ̀. Bóyá wọ́n ti dá a sílẹ̀. Bóyá ọdún márùn-ún, bóyá —

Bíréèkì. Bíréèkì!

Obìnrin kan dúró níwájú ọkọ̀ mi, ó gbá báàgì mọ́ àyà. Kò bú mi. Ó kàn ń wò mí, lẹ́yìn náà ó rọra sọdá.

Fóònù ti wà lọ́wọ́ mi. Nígbà wo ni mo gbé e? Mi ò rántí pé mo nawọ́. Mi ò rí obìnrin yẹn rárá, mi ò rí ọ̀nà...

Ṣé bó ṣe ṣe é nìyí? Ṣé bó ṣe rọrùn tó náà nìyí?

Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè. Fóònù ń dún lọ́wọ́ mi, ìdájọ́ ọkùnrin yẹn ló wà nínú ẹ̀, mi ò sì mọ èyí tí mo fẹ́ gbọ́ mọ́.