Ariwo Tí Rótìmí Kò Gbọ́

Láti ìgbà tí Olúwarótìmí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Adó-Èkìtì ló ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìyàwó òun kò fẹ́ràn orin mọ́. Bó bá ti jókòó sí pálọ̀ tó tan ẹ̀rọ rẹ̀, kò ní pẹ́ tí Monínúọlá á fi rántí pé ata wà lórí iná, tàbí pé aṣọ wà lórí okùn. Ọ̀rọ̀ náà ń dun Rótìmí wọnú eegun, nítorí inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn méjèèjì ti pàdé. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ síta. Ó gbé e mì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó fẹ̀yìn tì gan-an ni Ṣèyítán, ọmọ wọn tó wà ní Àbújá, fi àpótí pẹlẹbẹ kan ránṣẹ́ sí i, èyí tó máa ń sọ orin inú kọ̀ǹpútà di ohùn. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún bàbá rẹ̀ lórí fóònù: ohùn tí kọ̀ǹpútà tọ́jú kì í ṣe odindi, ńṣe ni wọ́n rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ bí ilá. Àpótí náà á fi àwọn ègé mìíràn há àárín àwọn ti tẹ́lẹ̀ kí ohùn lè dán, lẹ́yìn náà á fi asẹ́ sẹ́ ẹ, kí pàǹtí má bàa bá orin wọ etí. Ṣùgbọ́n Rótìmí kà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé àwọn tó mọ orin gbọ́ kì í lo asẹ́, pé ńṣe ló ń mú adùn lọ. Ó tẹ bọ́tìnì, ó pa asẹ́, ó pa àfikún ègé náà pẹ̀lú. Ó tẹ́tí, ó ní ohùn ti mọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ló fi í sílẹ̀.

Orin tó fẹ́ràn jù ni èyí tí ẹgbẹ́ akọrin wọn kọ nígbà èwe wọn, tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá a dà á sínú kọ̀ǹpútà kò fẹ́ kó gba àyè púpọ̀, ó sì rẹ́ ẹ ní ègé ńláńlá. Irú orin bẹ́ẹ̀ gan-an ni pàǹtí rẹ̀ máa ń pọ̀ jù.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Dàmọ́lá, àbúrò Monínúọlá, tó ń darí orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìyìn-Èkìtì, yà kí wọn.

"Ẹ kú ulé o!"

"Dàmọ́lá, ìwọ ni mo ń wá. Jókòó, gbọ́ nǹkan."

Rótìmí tan orin, ó di ojú, ó ń mi orí. Nígbà tó lajú, ó rí i pé Dàmọ́lá ti fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo etí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á ná! Kí ló ń súfèé bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Súfèé wo?"

"Ẹ̀yin ò gbọ́ ọ? Bí ẹni ń fi ọ̀bẹ họ abọ́ irin!"

Rótìmí rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Dàmọ́lá dìde, ó wo ojú àpótí náà, ó tẹ bọ́tìnì asẹ́. "Ó ti lọ." Ó tún un tẹ̀. "Ó ti dé."

Bákan náà ni orin ń dún létí Rótìmí. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ké sí ìyàwó rẹ̀ láti ilé ìdáná, ó ní kó kọjú sí ògiri. Dàmọ́lá ń tẹ bọ́tìnì.

"Èyí tutù," ni Monínúọlá wí. Lẹ́yìn náà ó fún ojú pọ̀. "Hẹn-ẹn, ti ojoojúmọ́ nìyẹn."

Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Ara fu Rótìmí pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti di rìkíṣí. Ó lé Dàmọ́lá jáde, ó gba ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì náà fúnra rẹ̀. Obìnrin náà tún mọ̀ ọ́n. Rótìmí pa orin náà. Ó jókòó.

"Ìyá Ṣèyítán, láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí àpótí yẹn ti dé. Ó máa ń fọ́ mi lórí."

"O ò sì sọ!"

"Mo rò pé bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Inú yín ń dùn. Ṣé kí n wá bà á jẹ́ ni?"

"Èmi rò pé o ò fẹ́ràn orin mọ́."

Monínúọlá yí padà. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n sọ òkò lù. "Èmi? Èmi kẹ̀?"

Ní ọjọ́ Ajé wọ́n jọ lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì fi ohun ìgbọ́rọ̀ bo Rótìmí létí, ó ní kó máa nawọ́ sókè bó bá ti gbọ́ ohùn. Ó kọ́kọ́ ń nawọ́ dáadáa. Nígbà tó yá, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ó dúró títí, ó wá bi í léèrè tìyanu-tìyanu pé, "Ṣé ẹ ti pa á ni?"

"Rárá o, Bàbá. Ó ń dún láti ẹ̀ẹ̀kan."

Rótìmí yọ ohun ìgbọ́rọ̀ náà kúrò létí. Dókítà bi í níṣẹ́ tó ṣe. Ó ní ilé ìtẹ̀wé ìjọba ni, pé ìdí ẹ̀rọ lòun wà títí òun fi fẹ̀yìn tì. Dókítà mi orí. Ó ní ariwo ẹ̀rọ àti ọjọ́ orí ti jọ jẹ ohùn tínrín mọ́ ọn létí. Èyí tó lọ kò ní padà, kó tọ́jú èyí tó kù.

Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni wọ́n wọ̀ padà sílé. Nígbà tí wọ́n dé àdúgbò Adébáyọ̀, Rótìmí di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

"Kí lò ń gbọ́ báyìí tí èmi ò gbọ́?"

Monínúọlá tẹ́tí sí ìgboro. "Bíréèkì mọ́tò kan ń han. Ọmọdé kan ń fi fèrè ṣeré."

Rótìmí yọjú síta. Ó rí ọmọ náà ní etí títì, tó fi fèrè há ẹnu, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Ó ń wò ó títí kẹ̀kẹ́ fi kọjá.