Ìgbésẹ̀ Keje nínú Ìlànà Ragnfrid

Ragnfrid Tveitane ló ń gba àwọn aláìsàn wọlé ní ilé ìwòsàn eyín kan ní Bergen. Tó bá ti kúrò níbẹ̀, ó ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe láìgba kọ́bọ̀: ó ń kọ ìlànà fún ètò ìṣirò owó kan tí ẹnikẹ́ni lè gbà sórí kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́, kó tú u wò, kó sì tún un ṣe bó ṣe wù ú. Lóṣù kejì ọdún, ó kọ bí èèyàn ṣe máa so ètò náà mọ́ dátábéèsì, ìyẹn àká tí kọ̀ǹpútà ń kó àkọsílẹ̀ sí, kí èèyàn méjì lè máa kọ sínú ìwé owó kan náà láti orí ẹ̀rọ méjì. Ìgbésẹ̀ mẹ́jọ ni. Ó dán an wò lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, ó ṣiṣẹ́ geerege. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó gbé e síta.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, búrẹ́dì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí lẹ́tà kan wọlé sórí fóònù rẹ̀.

"Mo ṣe ohun tẹ́ ẹ ní ká ṣe ní ìgbésẹ̀ keje. Àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ tó ń pèsè omi ẹ̀rọ fún erékùṣù wa ti pòórá, ti ọdún mọ́kànlá gbáko. Sátidé yìí ni ìpàdé ọdọọdún wa. Èmi Åsta Hellesøy, akápò."

Ó gbé búrẹ́dì náà sílẹ̀. Ó sáré ṣí ohun tó kọ. Ìgbésẹ̀ keje: "Ẹ tọ́jú ìwé náà sínú dátábéèsì. Bí ètò náà bá bi yín ní ìbéèrè, ẹ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni."

Lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo tó jáde ni bóyá kí ètò náà máa rántí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, ìyẹn páṣíwọ́ọ̀dù. Dátábéèsì tirẹ̀ ṣófo. Àmọ́ tí nǹkan bá ti wà nínú ti ẹlòmíì, ìbéèrè ọ̀tọ̀ ló ń jáde: "Ìwé tó ń jẹ́ orúkọ yìí ti wà. Ṣé kí n pa á rẹ́?" Òun Ragnfrid ló ní kí wọ́n dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó yọ ìlànà náà kúrò níta, ó wá nọ́ńbà obìnrin náà kàn, ó sì pè é.

"Ìwọ lo kọ ọ́?" ni Åsta sọ. "Ohùn ẹ dà bíi tọmọdé."

"Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Kí ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn? Mo ti faṣọ tábìlì bo kọ̀ǹpútà náà. Mi ò lè wojú ẹ̀." Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀. "Mo kàn fẹ́ kí akọ̀wé wa lè máa kọ tiẹ̀ látilé ni. Ṣó o mọ̀ pé ẹni tó ṣakápò ṣáájú mi kówó jẹ? Ilé mọ́kànlélọ́gọ́ta ló wà ní erékùṣù yìí, gbogbo wọn ló ń ṣọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀. Tí mo bá ní kọ̀ǹpútà ló gbé ìwé mì, ta ló máa gbà mí gbọ́?"

"Ẹ̀dà míì ńkọ́, mà?"

"Oddvar ọkọ mi ló ń bá mi ṣèyẹn. A sin ín lọ́dún tó kọjá."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Ragnfrid pe ibi iṣẹ́ pé inú ń run òun, torí tó bá ní eyín ni, wọ́n á ní kó máa bọ̀ kí àwọn wò ó. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí erékùṣù náà ṣe ń tóbi sí i lọ́ọ̀ọ́kán ló ń bi ara rẹ̀ léèrè: Tí wọ́n bá ti pe ọlọ́pàá dè é ńkọ́? Lẹ́ẹ̀mejì ló rò ó pé òun ò ní sọ̀ kalẹ̀, pé òun á bá ọkọ̀ padà.

Åsta dúró sétí omi, arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ tó dé fìlà onírun. "O tiẹ̀ wá. Mo ti rò pé wàá sá."

"Ó ṣe mí bíi kí n sá, mà."

"Ó dáa tó o sọ ọ́. Wá mu kọfí."

Nígbà tí Ragnfrid ṣí aṣọ tábìlì náà, Åsta kọ̀yìn sí i. Dátábéèsì ṣófo lóòótọ́. Ragnfrid tú gbogbo inú ẹ̀rọ náà fún wákàtí mẹ́ta. Ó wá rí fáìlì àtijọ́ kan, èyí tí wọ́n ń lò kí Oddvar tó kó wọn lọ sórí dátábéèsì. Ọdún mẹ́sàn-án wà nínú rẹ̀ pérépéré. Ọdún méjì tó kẹ́yìn ni kò sí.

Wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ báǹkì, wọ́n da rìsíìtì inú páálí bàtà sórí tábìlì, Åsta ń kà, Ragnfrid ń tẹ̀ ẹ́. Títí ilẹ̀ fi ṣú, oṣù márùn-ún péré ni wọ́n rí ṣe.

"Ọ̀la ti dé bá mi," Åsta sọ.

"Èmi ni màá sọ ọ́, mà."

Ní gbọ̀ngàn ilé ìwé, níwájú bí ogójì èèyàn, Ragnfrid dìde. Ó sọ ohun tó kọ, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin apẹja kan tó ń jẹ́ Leiv ló kọ́kọ́ lanu.

"Owó ńkọ́?"

"Owó wà ní báǹkì. Àkọsílẹ̀ ló sọ nù."

"Ta ló yẹ ohun tó o kọ wò kó o tó gbé e síta?"

"Kò sẹ́ni kankan, sà."

"Èèyàn kan ò tún un kà, o wá ń pàṣẹ fún ìyá àgbà pé kó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni!"

Wọ́n fún Åsta lóṣù mẹ́ta kó fi tún ìwé kọ. Bí wọ́n ṣe ń jáde, ọ̀pọ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Obìnrin méjì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìkí i, Ragnfrid sì rí bí ojú Åsta ṣe fà ro.

Nígbà tó padà dé Bergen, ó tún ìgbésẹ̀ keje kọ, ó ní kí èèyàn méjì yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbà yẹn ló wò ó pé èèyàn mélòó ló ti ṣí ìlànà náà láàárín ọjọ́ mẹ́rin tó fi wà níta. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá ni. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló kọ lẹ́tà.

Ó fi ìkìlọ̀ ńlá síta, ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ wọn, kò mọ ìlú wọn. Di òní, tí fóònù rẹ̀ bá dún, ó máa ń dúró díẹ̀ kó tó wò ó.